Ìlú Onílùú La Fi Bẹ̀bẹ̀

Ní Ìkòsí níbi tí mo ń gbé, Ambásádọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wọ mítìn àwọn lánlọ́ọ̀dù, alága á ní kí ẹnì kan dìde fún Ambásádọ̀. Bí mo bá lọ ra tàtàṣé ní Mile 12, àwọn tó ń ti ọmọlanke á pariwo láti ẹ̀yìn, "Baba Ambásádọ̀, ẹ yà fún wa o!" N kò ṣe ambásádọ̀ rí láyé mi. Ògbufọ̀ ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọjọ́ orí mi ṣe ni kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, kí n gbé e sétí ẹlòmíràn, láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé. Mo ti sọ fún wọn títí, wọn ò gbọ́, mo sì dákẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n gbé mi ga ju ipò mi lọ ló ń dùn mí. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ sọ mí ní orúkọ yẹn gan-an ni ojú rẹ̀ ń tì mí.

Láìpẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kétu ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde níwèé mẹ́wàá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. N óò dé ibẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún àgbàlagbà.

Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ àwọn elédè Faransé ló ti ń tajà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Faransé tí mo gbọ́, ti ilé ìwé àti ti títì ni. Ìgbà tí a padà wá sí Kétu níbí yìí, oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé wa. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Àjọ kan wà nígbà náà, tí àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ dá sílẹ̀ láti máa pẹ̀tù síjà láàárín ara wọn. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Gbàgádà, wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì, mo gbọ́ ọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà bọ́ wa, ó sì kọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Ó tán níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Ṣówándé. Ará Abẹ́òkúta ni, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀gá yín le, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Láàárọ̀, á tan rédíò Faransé, á ní kí n máa tẹ̀lé e ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Á wá gbé fáànù àtijọ́ kan tó ń dún gàràgàrà sí mi létí, ó ní kò sí ìpàdé tí ariwo kì í sí níbẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, ó di èébú. Á jókòó kọjú sí mi, á máa bú mi ní Faransé. Á bú imú mi, á bú bàbá mi, á bú ìyá tó bí mi lọ́mọ. Èmi á sì máa gbé èébú náà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, láì fajú ro, láì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ó pe ìyá mi ní nǹkan kan tí ẹnu mi ò gbà. Mo fẹ̀sọ̀ yí i, mo ní ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà. Ó gbá tábìlì gbàà!

"Ta ló ní kó o da epo sí i? Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo pè é. Pè é ní ẹlẹ́dẹ̀!"

Mo pè é ní ẹlẹ́dẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá bu ọ̀rọ̀ kù, olè ni ọ́. Bí o bá fi kún un, olè náà ni ọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnu rẹ kì í ṣe tìẹ. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé kí lo rò, sọ fún wọn pé o ò ro nǹkan kan." Bó ṣe sọ ìyẹn tán, ó kówó sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n ra ẹja tútù ńlá kan lọ fún ìyá mi, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Ẹ ẹ̀ rí i? Ó ṣẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló sì ti bẹ̀bẹ̀. Ẹja yẹn la jẹ lálẹ́. N ò ronú kàn án mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn àga àwọn èèyàn ńlá la máa ń jókòó sí pẹ̀lú bébà pélébé lórí itan. Wọ́n á máa jẹun, àwa á máa sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ṣówándé ló kọ́ mi pé kí n jẹ ẹ̀bà gidi kí n tó kúrò nílé, nítorí inú tó ń kùn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààrẹ já geere. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa sínú yàrá onígíláàsì, wọ́n fi nǹkan bò wá létí, ẹ̀rọ sì ń gbé ohùn wa lọ. Lónìí, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù síwájú mi, ó sọ Yorùbá sí i, fóònù náà fọ Faransé. Mo bú sẹ́rìn-ín. Fóònù yẹn dáa. Kì í jẹ ẹ̀bà, kì í sì í dá àmọ̀ràn.

Èmi dá àmọ̀ràn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Orílẹ̀-èdè méjì kan wà, n ò ní dárúkọ wọn. Odò ló là wọ́n láàárín. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ sójà kan tó fi ìbọn gba ìjọba, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ayé ń pè é. Èkejì kéré, kò lágbára, ó sì ní ìlú kan létí odò tó ń jẹ́ Dùmárà. Èbúté ni Dùmárà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ẹja, iyọ̀ àti èèyàn sọdá. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ìyá ìyá òun wá láti Dùmárà, nítorí náà òun ló ni ín. Ẹ gbọ́ mi? Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ nìyẹn, èmi náà ni mo ni ìdajì Àjàṣẹ́.

Ó kọ́kọ́ rán àwọn sójà díẹ̀ sọdá, wọ́n gba ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní èbúté. Àjọ wa bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí wọ́n bá kórè tán òun á kúrò. Wọ́n kórè, kò kúrò. Ó tún gba ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá pàápàá. A tún bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan nínú àjọ ní kí a ti ọ̀nà tí epo bẹntiróòlù rẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ilẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè àjọ wa ló sì gbà kọjá. Wọ́n ní kí a tì í pa títí tí yóò fi dá ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù padà. Ìbọn kankan ò ní dún. Ọ̀gá Ṣówándé, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé, "Bí a bá fún wèrè lọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni yóò ro ó sí. Ẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọkọ́ o."

Ṣùgbọ́n olórí ikọ̀ tí àjọ yàn sórí ọ̀rọ̀ náà, ọkùnrin tí mò ń túmọ̀ fún, kò fẹ́. Kì í ṣe ojo, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀ rí, ará orílẹ̀-èdè mìíràn, èèyàn jẹ́jẹ́. Ogun ti pa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ló sì bá wọn wa ilẹ̀ tí wọ́n sin wọ́n sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń sọ̀rọ̀ líle sí Kọ́nẹ́ẹ̀lì, òun á ti máa bẹ onítọ̀hún pé kó rọra. Ó fẹ́ àlàáfíà tọkàntọkàn. Ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà tó bẹ́ẹ̀, ó lè ra ayédèrú rẹ̀ lówó gọbọi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jọ wà nídìí tíì ní òtẹ́ẹ̀lì. Kò sí ìpàdé, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ túmọ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ, ní ilé yín, báwo lẹ ṣe ń ṣe é bí alágbára kan bá ń bínú?"

Ó yẹ kí n sọ pé n ò ro nǹkan kan. Ọ̀gá ti kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan láyé? Orí mi wú. Mo ní, "Sà, àwa máa ń bẹ̀ ẹ́ ni. Àgbààgbà á kóra jọ, wọ́n á gbé nǹkan dání, wọ́n á lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí àgbà bá ti lè dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn, tó bá ní òun ò gbà, ojú á tì í láwùjọ. Ìtìjú yẹn ló máa so ọwọ́ rẹ̀."

Ojú ọkùnrin náà là bí ìgbà tí iná dé. Ó ní, "Ìtìjú ló máa so ọwọ́ rẹ̀." Ó tún un sọ. Ó wá bi mí pé, "Kí la ó gbé dání?" Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Ó ní Dùmárà ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú ìwé ìpàdé wọn. Wọ́n pè é ní ọ̀nà àgbààgbà ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n sọ fún ìjọba orílẹ̀-èdè kékeré yẹn pé bí kò bá gbà, òun nìkan ni yóò dá dojú kọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó gbà. Wọ́n wá rán wa lọ sí Dùmárà láti lọ tu àwọn ará ìlú nínú.

Baálẹ̀ ìlú náà, Bàbá Bakari ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wà láti kékeré, apá rẹ̀ ṣì le bí igi. Abẹ́ òrùlé páànù tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ló ti gbà wá lálejò, ó fi ẹja yíyan síwájú wa. Olórí ikọ̀ ní kí n ṣàlàyé fún un nípa àṣà ilé wa. Mo ṣàlàyé: bí alágbára bá ń bínú, àgbà á gbé nǹkan dání lọ bẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé á sì sùn. Bàbá náà gbọ́ mi tán. Kò pariwo. Ó wo ojú mi, kì í ṣe ojú olórí ikọ̀, ó sọ ní Faransé pé:

"Nílé yín, bí ẹ bá ń lọ bẹ ẹni tó ń bínú, ewúrẹ́ ta lẹ máa ń mú lọ?"

Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. N ò bù ú kù, n ò fi kún un. Olórí ikọ̀ wo ẹja tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó kù wo odò. Olórí ikọ̀ wá ní kí n sọ fún un pé àlàáfíà ní ohun tó ń náni. Mo sọ ọ́. Bàbá Bakari ní ká jẹ ẹja, kó má tutù.

A lọ sí ààfin Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Olórí ikọ̀ wa tẹrí ba títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé e dìde, ó dì mọ́ ọn, àwọn tó ń ya fọ́tò sáré síwájú. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Bí a ṣe ń jáde, mo wà lẹ́yìn, mo gbọ́ tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì sọ fún ọmọ ogun rẹ̀ kan ní Faransé, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bí mo bá tún fajú ro, kí ni wọ́n tún máa gbé wá?"

Mo sọ fún olórí ikọ̀ nínú mọ́tò. Kí ẹ má sọ pé n ò sọ. Ó pa ojú dé díẹ̀, ó ní, "Ṣé nídìí tábìlì ìpàdé ló ti sọ ọ́?"

Mo ní, "Rárá sà, ẹnu ọ̀nà ni."

Ó ní, "Tí kì í bá ṣe nídìí tábìlì, kò sọ ọ́."

Ẹ wò ó, ohun tó ń tì mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: ara mi fúyẹ́. Mo ti sọ ọ́, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ, iṣẹ́ mi ti parí. Mo sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a padà dé, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé wa. Èmi náà hàn nínú fọ́tò, lẹ́yìn èjìká Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Àwọn lánlọ́ọ̀dù Ìkòsí kóra jọ, wọ́n pa màlúù, alága ìgbà náà gbé àga síta, ó ní kí Ambásádọ̀ wa wá jókòó. Bí mo ṣe gba orúkọ yẹn nìyẹn. Mo jẹ ẹran màlúù náà, ó sì dùn.

Kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì wọ Dùmárà pátápátá. Nínú ìwé, wọ́n ní yóò kàn máa bójú tó èbúté ni. Ó ní àwọn ará ìlú ta epo sí àsíá òun. Àwọn sójà rẹ̀ sun ilé, wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ. Wọ́n ní kí Bàbá Bakari kúrò létí odò, kò kúrò. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé páànù yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ò sì dúró ní Dùmárà. Ó gba ìlú tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Àjọ wá sáré lọ ti ọ̀nà epo, ṣùgbọ́n epo ti ń gba orí odò wọlé, nítorí a ti fún un ní èbúté. Ohun tí à bá fi ìlẹ̀kùn títì ṣe, ìbọn la padà fi ṣe é, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló sì gbé ìbọn náà. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, àwọn sójà tirẹ̀ ló lé e kúrò. A ò ní ìyìn kankan láti gbà níbẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá Ṣówándé nílé rẹ̀ ní Ògùdù, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rò pé á sọ pé mo rú òfin iṣẹ́. Kò sọ ìyẹn. Ó ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ìwọ wá ka Kọ́nẹ́ẹ̀lì mọ́ ọmọlúàbí. Ẹni tó fi ìbọn gba ilé, o ní ojú á tì í? Ojú wo?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú."

Ó ní, "Èmi kọ́ lo máa bẹ̀."

Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn. Nínú yàrá onígíláàsì, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ńlá tó ń sọ pé kí wọ́n fún lágbájá ní díẹ̀, kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Títí di òní, bí ìròyìn bá ti ní aláṣẹ kan ti gba apá kan ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì jókòó tí wọ́n ní kó máa mú un lọ kí ogun má bàa jà, mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó mi á ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìyókù." N kì í lè gbọ́ ìyókù. Mo mọ ìyókù.

N ò sọ pé ẹ̀bẹ̀ burú o. Bí kì í bá ṣe ẹ̀bẹ̀, èmi àti ìyàwó mi ì bá ti túká tipẹ́. Ẹni tó mọ ìtìjú là ń bẹ̀. Ìtìjú tí mo ní ó máa so ọwọ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì, kò rí ọwọ́ rẹ̀ so, èmi ló padà wá so.

Ó wá di ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí mo wí. Mo sọ ìtàn Ọ̀gá Ṣówándé àti èébú ìyá mi, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín débi pé tíṣà kan ní láti gbá tábìlì. N ò dárúkọ Dùmárà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé dìde láti dúpẹ́, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bàbá tó mú àlàáfíà wá sí etí odò Dùmárà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Faransé, Madam Safi. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àmọ́ ohùn ibòmíràn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Daddy, ẹ kú iṣẹ́ sà. Dùmárà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ni Baálẹ̀ Bakari. Ilé ìwé ni mo wà nílùú ńlá nígbà tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá mi bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ nílùú wa ti kú. Ẹ̀yin lẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló sọ?"

Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ni. Mo di àga mú. Mo wá ṣe iṣẹ́ mi. Mo sọ ọ́ ní Faransé bí bàbá náà ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi sọ ọ́. Madam Safi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ mi, sà. Kí àwọn náà gbọ́ ọ."

Mo kọjú sí wọn. Mo ní, "Nílé yín, bí ẹ bá ń lọ bẹ ẹni tó ń bínú, ewúrẹ́ ta lẹ máa ń mú lọ?"

Àwọn ọmọ náà rò pé àwọn ni mò ń bi. Wọn ò tiẹ̀ rò ó. Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé:

"Tiwa ni sà!"